Jẹ́jẹ́ àti Aláriwo: bá a ṣe yan ọ̀kan nínú Subaru STI àlòkù méjì

Àbúrò mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kò tiẹ̀ kí mi tán tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí méjì o, ọdún kan náà ni wọ́n, ọ̀kan wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, èkejì wọ́n ti mọ́dífáì ẹ̀ gan-an, èwo ni kí n mú?" Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti dá a lóhùn pé kó mú sítọ́ọ̀kù, n ò béèrè nǹkan kan. Ohun tí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn láti bí ọdún mẹ́wàá nìyẹn, pé tó bá ti jẹ́ mọ́tò eré àlòkù, ẹ wá èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, kódà tí owó ẹ̀ bá lé díẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n fi ìmọ̀ràn yẹn ti àbúrò mi sínú gbèsè odindi ẹ́ńjìnnì kan, ìdí tí mo fi jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, kí ẹni tó bá wà lórí irú ìpinnu yẹn báyìí lè rí bó ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kó tó kan àwọn méjì yìí ó ti wo oríṣiríṣi. Honda S2000 ló kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn, èyí tí wọ́n ṣe láti 1999 sí 2009, mi ò sì bá a wí, ẹ́ńjìnnì lítà 2 tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń lo agbára èéfín láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì), tó lè yí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ẹgbẹ̀rún, 9,000, láàárín ìṣẹ́jú kan, ohùn ẹ̀ kì í kúrò létí èèyàn bọ̀rọ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní, ọmọ sì ti wà nílé, ọ̀rọ̀ parí. Ó wo BMW M3 tí wọ́n ń pè ní E46, èyí gan-an ló wu èmi jù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́tò yẹn níbi tí wọ́n ti de férémù ẹ̀yìn mọ́ ọn máa ń là, bíárì tó wà nídìí ọ̀pá pístìn náà ń fẹ́ àyẹ̀wò lóòrèkóòrè, mo sì mọ àbúrò mi, kì í ṣe ẹni tó máa lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé. Mazda RX-8, mo ní kó má tiẹ̀ sún mọ́ ọn àfi tó bá rí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó nínú ẹ́ńjìnnì, fún ẹ́ńjìnnì rótárì gan-an, èyí tí rótọ̀ onígun mẹ́ta ń yí nínú ẹ̀ dípò pístìn, torí èyí tí wọ́n ń tì bọ ihò plọ́ọ̀gì àwọn mọ́tò yòókù ò lè ya ojú mẹ́ta tó wà lára rótọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bó ṣe já sórí Subaru Impreza WRX STI nìyẹn, 2010, onílẹ̀kùn márùn-ún.

Fún ẹni tí kò bá mọ mọ́tò yìí, EJ257 lorúkọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, 2,457 cc, sìlíńdà mẹ́rin, àmọ́ wọn ò dúró ṣánṣán, wọ́n dùbúlẹ̀ ni, méjì kọjú sọ́tùn-ún méjì kọjú sósì, tọ́bò kan, gíà mẹ́fà tí wọ́n ń fọwọ́ yí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń wọ́ ọ lọ. Hp 305 (agbára ẹṣin) ló wà nínú ìwé tí wọ́n fi tà á ní Amẹ́ríkà. Ó yára, kì í yọ̀ lójú ọ̀nà tó tutù, ọmọ lè jókòó sẹ́yìn, ẹrù sì lè wọ búùtù.

Ibi tó ti ń dun àwa tá a fẹ́ràn ẹ̀ ni pístìn. Pístìn tí wọ́n yọ́ dà ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n rọ, àlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ríǹgì kan sí èkejì lára ẹ̀ ò sì lè fara da nọ́ọ̀kù. Nọ́ọ̀kù ni kí epo inú sìlíńdà máa gbiná fúnra ẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti gbiná, dípò kí iná plọ́ọ̀gì tàn án jẹ́jẹ́ kó sì tàn kálẹ̀, agbára ẹ̀ á wá máa lu orí pístìn bí ẹni fi òòlù lu irin. Ẹ ò ní gbọ́ ọ o, ẹ ò ní rí i, mọ́tò á ṣì máa sáré bó ṣe ń sáré, títí ọjọ́ kan tí àlà yẹn á fi já. Sìlíńdà kẹrin ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ra EJ257 àlòkù, ìbéèrè kan ló yẹ kó gbé lọ, pé ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ti jẹ nọ́ọ̀kù rí, báwo la sì ṣe fẹ́ mọ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀kù tí mo ń sọ ti dáhùn ìbéèrè yẹn ni.

Ẹ jẹ́ n fún àwọn mọ́tò méjèèjì lórúkọ kó lè rọrùn. Èyí tí wọ́n ní ó wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, Jẹ́jẹ́. Èkejì, Aláriwo.

Jẹ́jẹ́ la kọ́kọ́ lọ wò. 84,000 kìlómítà ló wà lára aago ẹ̀, kò sí sítíkà kankan lára ẹ̀, àga ò ya, sàléńsà ẹ̀ ò pariwo, àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín kó tó ṣílẹ̀kùn. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, mi ò lè purọ́. Mo wá jókòó sáyè awakọ̀, mo ń wo yíká, mo fọwọ́ pa òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, ọwọ́ mi wá bá ihò kéékèèké mẹ́ta. Wọ́n ti fi nǹkan aláwọ̀ kan náà dí i, ojú ò lè rí i àfi ọwọ́. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn máa ń kan ilé aago tọ́bò mọ́, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń kan aago tọ́bò mọ́ mọ́tò tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan sí.

A ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Gbogbo inú ibẹ̀ ní eruku ọdún pípẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àmọ́ àwọn kíláǹpù tó di ilé fílítà afẹ́fẹ́ mú ń dán bí tuntun. Rọ́bà kékeré kan tó ń lọ sápá tọ́bò ní oríta mẹ́ta, wọ́n wá fi nǹkan dí ẹnu ọ̀kan tó ṣẹ́kù. Irin pẹlẹbẹ tó máa ń bo ooru lórí páìpù ìdí tọ́bò, kò sí níbẹ̀ mọ́, bóòtì páìpù yẹn fúnra ẹ̀ sì ní ojú sípánà lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lè ní àlàyé tiẹ̀, kíláǹpù lè jẹ́ torí wọ́n pààrọ̀ fílítà, irin ooru máa ń jẹrà já bọ́. Àpapọ̀ wọn ni kò ní àlàyé míì.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tà á, mo ní, "Ẹ má bínú o, ṣé wọ́n ti so nǹkan mọ́ ọn rí?" Ó ní, "Rárá sà, bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ nìyẹn." Kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi sọ ọ́.

Mo fi sikánà sí i. Kò sí kóòdù àṣìṣe kankan, nọ́ńbà CALID tó ń sọ irú ìlànà tó wà nínú kọ̀ǹpútà mọ́tò náà sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ gan-an, ìyẹn dùn mọ́ àbúrò mi nínú, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i, Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò túùn un rí." Túùn ni kí wọ́n yí ìlànà inú kọ̀ǹpútà yẹn padà kó lè bá ohun tí wọ́n so mọ́ mọ́tò mu. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ mo ní kó wo ìsàlẹ̀. Àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà mọ́tò máa ń ṣe fúnra ẹ̀ téèyàn bá ti ń wà á káàkiri, ìyẹn readiness monitor, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì parí. Ohun tó ń fa ìyẹn ò ju pé ẹnì kan ti nu kọ̀ǹpútà náà tàbí ó ti yọ bátìrì láìpẹ́. Ohun tí mọ́tò náà ti kọ́ nípa ara ẹ̀, títí kan nọ́ọ̀kù tó ti gbọ́, wọ́n ti pa á rẹ́. Mọ́tò tó ti wà lójú ọ̀nà lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, tí wọ́n wá nu ọpọlọ ẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wò ó, ẹ dúró ná.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé mo ti ṣìnà nìyẹn. Mo ti ń lo ọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀kù bí ẹni pé ìtàn mọ́tò ni, ipò tó wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí i lásán ni. Wọ́n lè yọ gbogbo nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn láàárín ọjọ́ méjì, kí wọ́n dá ti ilé iṣẹ́ padà, kí wọ́n wá tà á fún irú èèyàn bíi tèmi tó ń pariwo sítọ́ọ̀kù kiri.

Lọ́jọ́ kejì a lọ wo Aláriwo. A ti gbọ́ ohùn ẹ̀ ká tó rí i. 118,000 kìlómítà, ó sún mọ́ ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, sàléńsà ńlá, páìpù ìdí tọ́bò tí kò ní katalísì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) nínú, ilé fílítà tó yàtọ̀, kílọ́ọ̀ṣì tó le, ọ̀pá gíà tí wọ́n gé kúrú, àti ẹ̀rọ tó ń fọn "pṣíù" nígbà téèyàn bá fẹsẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fọ́tò ẹ̀ ni wọ́n fi hàn mí, mi ò bá má tiẹ̀ dáhùn. Ẹni tó ni ín ti lé ní àádọ́ta ọdún, bàbá náà ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ mọ́tò rárá, ó wọlé lọ gbé fáìlì kan jáde, ó gbé e lé bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ ka ìyẹn ná."

Mo kà á fún bí wákàtí kan. Òun nìkan ló ti ni mọ́tò yìí láti tuntun. Gbogbo ọ́ìlì tó ti pààrọ̀, déètì àti kìlómítà, kò sí ibi tó fo. Bẹ́líìtì táímìnì àti pọ́ǹpù omi, ó ti ṣe wọ́n ní 102,000, rìsíìtì wà níbẹ̀. Gbogbo nǹkan tó so mọ́ ọn, ìgbà tó rà á, ẹni tó dè é. Ohun tó wá mú mi jókòó dáadáa ni bébà méjì láti orí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára mọ́tò, ọ̀kan kó tó túùn, ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀. Agbára tó dé ẹsẹ̀ táyà kúrò ní hp 236, ó bọ́ sí 279. Iye yẹn ò pọ̀ fún gbogbo nǹkan tó so mọ́ ọn, mo sì bi í léèrè ìdí tí kò fi lé e sí i. Ó ní ẹni tó túùn un fẹ́ lé e, òun ló ní kó dúró, torí òun fẹ́ máa wà á lọ síbi iṣẹ́. Lára bébà kejì, wọ́n ya ìlà afẹ́fẹ́ sí epo, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, afẹ́fẹ́ bíi 11 sí epo 1 ló dúró sí látòkè délẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí fún ẹ́ńjìnnì tọ́bò nìyẹn. Téèyàn bá ń lọ wẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà, 14.7 sí 1 ló máa ń wà, àmọ́ lábẹ́ agbára, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i kó lè tu inú sìlíńdà lára.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbé ilé fílítà tó fẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ sórí Subaru yìí, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà á gba inú páìpù tó fẹ̀ kọjá, eré ẹ̀ á dín, sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń ka afẹ́fẹ́ á wá rò pé díẹ̀ ló wọlé. Kọ̀ǹpútà á fún un ní epo díẹ̀. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kéré, ooru gòkè, nọ́ọ̀kù dé. Àfi kí wọ́n túùn un kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé páìpù ti fẹ̀ sí i. Aláriwo, wọ́n túùn un. Jẹ́jẹ́, CALID ilé iṣẹ́ tó dùn mọ́ àbúrò mi nínú yẹn, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbé ilé fílítà àti páìpù míì sí i rí, a jẹ́ pé wọn ò túùn un nìyẹn, wọ́n kàn so ó mọ́ ọn tí wọ́n ń wà á lọ. Oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ní kí àbúrò mi má san owó kankan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ká gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan náà, ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà ẹ̀ dùbúlẹ̀ yìí, ká sanwó àyẹ̀wò fún méjèèjì. Ó ráhùn, ó ní owó mọ́tò tí a ò ní rà la fẹ́ máa san yẹn. Mo ní òun gan-an la fẹ́ san. Àwọn méjèèjì tó ń tà sì gbà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń gbà, ọmọkùnrin tó ni Jẹ́jẹ́ fúnra ẹ̀ ló wà á wá.

Kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níta, wọ́n tẹ atẹ́lẹsẹ̀ epo dé ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa. Plọ́ọ̀gì mọ́tò yìí ò rọrùn láti yọ, ẹ̀gbẹ́ ló wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ férémù, iṣẹ́ ọ̀sán kan gbáko ni. Aláriwo: 138, 136, 139, 135 psi. Jẹ́jẹ́: 142, 140, 141, àti sìlíńdà kẹrin, 124.

Àbúrò mi ní, "Ẹ wò ó, mẹ́ta nínú ti Jẹ́jẹ́ ló ga ju gbogbo ti Aláriwo lọ." Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà á bẹ́ẹ̀. Gíga kọ́ la ń wá, bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe súnmọ́ra ni. Tí èyí tó kéré jù bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kéré sí èyí tó ga jù, ẹ béèrè ìdí ẹ̀. Ti Jẹ́jẹ́ ti kọjá ibẹ̀, àmọ́ kò tíì burú tó pé kéèyàn dá ẹjọ́ lórí ẹ̀ nìkan, fáàfù tó lẹ́gbin náà lè fà á. Mo ní kí wọ́n ṣe lìkì-dáùn, àyẹ̀wò tí èmi kì í fojú fò lórí mọ́tò yìí láé. Wọ́n á gbé pístìn dé òkè, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ kọ́ńpírẹ́sọ̀ sínú sìlíńdà látojú ihò plọ́ọ̀gì, aago á sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ náà tó ń sá lọ. Èyí tó tún dáa jù nínú ẹ̀ ni pé etí yín á sọ ibi tó ń gbà sá lọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu sàléńsà, fáàfù èéfín ni. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáàfù ìwọlé ni. Tí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ríǹgì ni, tàbí àlà pístìn.

Aláriwo: 8, 9, 7, 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́ńjìnnì tó ti rin 118,000, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a ṣe.

Jẹ́jẹ́, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kò sí èyí tó ju 8 lọ. Ó kan sìlíńdà kẹrin. Aago fò dé 31. Mẹkáníìkì yẹn ò sọ̀rọ̀, ó kàn ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó fọwọ́ pè wá. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a gbọ́ ọ, fíì, bí táyà kẹ̀kẹ́ tó ń jò.

Ọmọkùnrin náà náà gbọ́ ọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ sọ nǹkan kan. Oṣù mẹ́jọ péré ló ti ni mọ́tò náà. Nígbà tó rà á, ilé fílítà ńlá, páìpù tọ́bò àti aago wà lára ẹ̀, ẹni tó tà á fún un kó àwọn ti ilé iṣẹ́ tẹ̀ lé e nínú páálí. Ìgbà tó fẹ́ tà á, àwọn èèyàn sọ fún un pé sítọ́ọ̀kù ló ń tà, ló bá dá gbogbo ẹ̀ padà, ó yọ bátìrì kó lè ráyè ṣiṣẹ́, ó sì rò pé tó bá ti dá a padà, a jẹ́ pé ó ti wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é nìyẹn. Inú bí àbúrò mi. Èmi, àánú ẹ̀ ṣe mí, torí ohun tó sọ yẹn, látẹnu irú èmi ló ti gbọ́ ọ. Irọ́ tó pa fún mi níjọ́ àkọ́kọ́ ò dáa, mi ò ní bò ó, àmọ́ òun náà ò mọ ohun tó wà nínú sìlíńdà yẹn, owó tiẹ̀ náà ló ti há síbẹ̀. A fún un ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà, a ò gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì náà, àlà tó wà lábẹ́ ríǹgì àkọ́kọ́ lára pístìn kẹrin ti já, èyí tó já ò tó ojú èékánná. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹni tó rọ mọ́tò, ẹni tó gbé páìpù ńlá sí i tí kò sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ̀ ló ni ín.

Ìyẹn ò wá sọ pé Aláriwo ò ní àbùkù o. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn lápá òsì ń jo ọ́ìlì. Bó ṣe sún mọ́ ilẹ̀ jù ti jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn jẹ tán nínú, nígbà tí ìta ẹ̀ ṣì dà bíi tuntun, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pa inú táyà irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ̀rọ tó ń fọn yẹn gan-an ni mi ò fẹ́ rí. Afẹ́fẹ́ tí MAF ti kà tán, tí kọ̀ǹpútà ti gbé epo kalẹ̀ dè, ni ẹ̀rọ náà ń tú dànù síta nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí gíà, epo á wá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ní gbogbo ìgbà yẹn, plọ́ọ̀gì á dúdú, nítorí ariwo lásán. Páìpù tí kò ní katalísì, òfin ò gbà á lójú ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì lè mú kí mọ́tò já nínú àyẹ̀wò èéfín. Mo ní kí àbúrò mi pe ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kó tó sanwó, kó ka gbogbo nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí tó bá fi pamọ́ tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè má san nǹkan kan fún un. Owó tí wọ́n bù lé e ò pọ̀, ó gbà.

A fi ìwé àyẹ̀wò bá bàbá náà dúnàádúrà, kì í ṣe lórí ẹ́ńjìnnì, lórí ṣọ́ọ̀kù àti táyà. Ó gbà láìjà, ó tiẹ̀ ní òun mọ̀ nípa ṣọ́ọ̀kù yẹn, ó wà nínú fáìlì. Lóòótọ́ ó wà níbẹ̀, èmi ni mi ò kà á débẹ̀.

Kó tó sanwó, mo ní ká wà á fún ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè ka inú kọ̀ǹpútà Subaru, ká wo nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní DAM. Láti 0 dé 1 ló máa ń wà. Tí kọ̀ǹpútà bá fọkàn tán epo àti ẹ́ńjìnnì, 1 ló máa dúró sí, tó bá ti gbọ́ nọ́ọ̀kù tó lágbára, ó máa já wálẹ̀. A gùnkè pẹ̀lú ẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ nínú gíà kẹta àti kẹrin, a fi í sílẹ̀ kó gbóná nínú gòsílóò. 1 ló wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo sì rí i dájú pé wọn ò tíì nu kọ̀ǹpútà tiẹ̀, àwọn ìdánwò ara ẹ̀ ti parí. Ohun kan tó kù tẹ́ni tó bá ń ra Subaru tí wọ́n fi Accessport (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ìlànà tuntun sínú kọ̀ǹpútà mọ́tò) túùn gbọ́dọ̀ béèrè ni Accessport náà fúnra ẹ̀. Mọ́tò kan ló ń so mọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tó tà á bá gbé e lọ láìtú u, kọ̀ǹpútà mọ́tò yẹn á wà ní títì mọ́ ẹ̀rọ tí ò sí lọ́wọ́ yín. Ó wà nínú àpò ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, bàbá náà fà á lé wa lọ́wọ́.

Oṣù àkọ́kọ́, a ò fi kún un, a ń yọ kúrò lára ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń fọn ló kọ́kọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀kù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, ti ilé iṣẹ́ padà síbẹ̀, mọ́tò dìde sókè bó ṣe yẹ. Páìpù oníkatalísì padà, èyí ni mo sì bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má ṣe láìtúùn ẹ̀ tún, torí máàpù, ìyẹn ìlànà tí wọ́n túùn sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ nígbà yẹn, fún páìpù tó ṣófo ni wọ́n ṣe é, tí katalísì bá padà tí máàpù ò yí, èéfín ò ní lè jáde wẹ́rẹ́ lẹ́yìn tọ́bò mọ́, ooru lè pọ̀, a ó wá ṣe irú ohun tí wọ́n ṣe fún Jẹ́jẹ́ látòdì kejì. A padà sọ́dọ̀ ẹni tó túùn un tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹ̀ wà nínú fáìlì, ó tún un ṣe. 279 di 262. Àbúrò mi fajú ro fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ń sọ pé òun sanwó láti gba hp mẹ́tàdínlógún dànù. Ìgbà tó gbé ọmọ ẹ̀ rìnrìn àjò tí ọmọ sì sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sọ̀rọ̀ hp mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì àti ọ̀pá gíà, a ò fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n dáa.

Gbogbo àwọn ti ilé iṣẹ́ tá a dá padà yìí, bàbá náà ló kó wọn fún wa, páálí mẹ́fà. Ó fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ nǹkan sára gbogbo ẹ̀, déètì tó yọ ọ́, kìlómítà, àti bó ṣe wà. Lára ṣọ́ọ̀kù: "41,200 km, kò jò, mo kàn fẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀." Lára páìpù: "52,000 km, bóòtì kan ti já, ẹ ra tuntun." A ra tuntun.

Fáìlì náà ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi báyìí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí mo lọ kí wọn lóṣù tó kọjá, ó ti ń bá a lọ láti ibi tí bàbá náà dúró sí, lójú ìwé kan náà, pẹ̀lú bírò mìíràn. Ìlà tó kẹ́yìn kà pé: "131,400 km. Ọ́ìlì àti fílítà. DAM 1. Lìkì-dáùn sìlíńdà kẹrin, 11."